Àká Kan, Fèrèsé Púpọ̀: Ohun tí ó yẹ kí ọmọ ẹgbẹ́ mọ̀ kí a tó kó ìwé ẹgbẹ́ sínú kọ̀ǹpútà



Ìwé mẹ́ta ni ó ń rìn pọ̀ nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa: lẹ́jà tí ó wà lọ́wọ́ akọ̀wé, ìwé owó tí akápò ń kọ, àti ìwé kékeré tí ó wà lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ìwé mẹ́ta ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó yẹ kí ó wà nínú wọn. Bí wọ́n bá bá ara mu, ìpàdé gbogbogbò ọdọọdún a tú ní ìrọ̀rùn. Bí wọn kò bá bá ara mu, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ jí kọ́bọ̀, ìfura ti dé, ìjà ti dé, àwọn ènìyàn a sì bẹ̀rẹ̀ sí yọ owó wọn kúrò. Ẹgbẹ́ tí àwọn baba wa fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ lè tú ká nítorí iye kan tí a gbàgbé láti kọ sí ibì kejì.

Nísinsìnyí, àwọn ẹgbẹ́ ń rò láti kó ìwé wọn sínú kọ̀ǹpútà. Bí a bá mú ọ̀rọ̀ yìí dé ìpàdé, ìbéèrè méjì ni ó yẹ kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ́kọ́ béèrè. Èkíní: ta ni yóò máa rí iye tí mo ní àti iye tí mo jẹ? Èkejì: bí kọ̀ǹpútà bá sọ pé iye báyìí ni, níbo ni ó ti rí i? Ìdáhùn méjèèjì wà nínú ohun kan tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ti ń ṣiṣẹ́ lé lórí fún bí àádọ́ta ọdún: kí àkọsílẹ̀ wà ní ibì kan ṣoṣo, kí olúkúlùkù sì máa wò ó láti ojú fèrèsé tirẹ̀. Èyí ni a fẹ́ ṣàlàyé.

Ẹ̀YÁWÓ KÌ Í ṢE IYE KAN ṢOṢO

Ẹ jẹ́ kí a fi ẹ̀yáwó kan ṣe àpẹẹrẹ. Àgbẹ̀ kan ní agbègbè Ṣakí yá ₦100,000 láti fi ra irúgbìn àgbàdo àti ajílẹ̀. Èlé rẹ̀ jẹ́ ₦10,000. Ṣé gbogbo ọ̀rọ̀ náà nìyẹn? Rárá. Onídùúró méjì wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ tí a yá a wà nínú rẹ̀, àti oṣù tí yóò bẹ̀rẹ̀ sí san án. Iye tí ó san nígbà kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀, pẹ̀lú risíìtì rẹ̀, àti ìpinnu ìgbìmọ̀ tí ó fọwọ́ sí i. Onídùúró kọ̀ọ̀kan tún jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀. Ó ní owó ìfipamọ́ tirẹ̀, ó sì lè jẹ gbèsè tirẹ̀. Àwọn àgbà wí pé ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Iye tí a kọ sí ojú ìwé ni ẹ̀fà. Gbogbo ohun tí ó so mọ́ ọn ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ìṣòro àká àkọsílẹ̀ nìyí: báwo ni a ó ṣe tọ́jú ohun tí ó ní ẹ̀ka púpọ̀ báyìí, tí ẹ̀ka kan kò fi ní sọnù, tí a kò sì ní kọ ohun kan náà sí ibi púpọ̀?

ÀTẸ ÀTI ODIDI

Ní ọdún 1970, Edgar Codd, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń ṣiṣẹ́ fún IBM ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé a lè tọ́jú gbogbo àkọsílẹ̀ sínú àtẹ, pẹ̀lú ìlà àti òpó, bí ojú ìwé lẹ́jà gan-an. Àtẹ kan yóò wà fún ọmọ ẹgbẹ́, àtẹ kan fún ẹ̀yáwó, àtẹ kan fún onídùúró, àtẹ kan fún owó sísan. Ọ̀nà yìí dára, òun náà sì ni ayé ń lò jù lọ títí di òní. Ìnira tí ó wà níbẹ̀ ni pé ẹ̀yáwó tí ó jẹ́ odidi lójú wa ti di ègé mẹ́rin nínú àká. Ìgbàkúùgbà tí a bá fẹ́ rí i, a ní láti tún ègé náà so pọ̀.

Àwọn mìíràn gba ọ̀nà mìíràn. Ní ilẹ̀ Norway, Ole-Johan Dahl àti Kristen Nygaard ṣe èdè kọ̀ǹpútà kan tí a ń pè ní Simula. Ẹ̀dà rẹ̀ ti ọdún 1967 mú kí a lè kó gbogbo ohun tí a mọ̀ nípa nǹkan kan, àti iṣẹ́ tí nǹkan náà lè ṣe, pọ̀ sí ojú kan bí odidi. Láàárín ọdún 1980 sí 1990, àwọn onímọ̀ mú èrò yìí wọ inú àká àkọsílẹ̀. GemStone jáde ní Amẹ́ríkà, O2 jáde ní ilẹ̀ Faransé. Ní ọdún 1989, àwọn onímọ̀ mẹ́fà gbé ìwé kan kalẹ̀ níbi ìpàdé kan ní Kyoto, ní ilẹ̀ Japan, wọ́n sì ka àwọn ohun tí àká olódidi gbọ́dọ̀ ní. Méjì nínú àwọn ohun náà kan ẹgbẹ́ wa gbọ̀ngbọ̀n.

Èkíní ni pé odidi kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ìdánimọ̀ tirẹ̀ tí kì í yí padà. Táíwò mélòó ni ó wà ní Ìsẹ́yìn? Ta ni ó lè kà wọ́n tán? Bí Táíwò kan bá lọ sí ilé ọkọ tí ó sì pààrọ̀ orúkọ, bí ó bá kó láti Ọ̀tu wá sí Ìsẹ́yìn, bí ó bá pààrọ̀ nọ́ńbà tẹlifóònù, òun náà ṣì ni. Nítorí náà, àká yóò fún un ní nọ́ńbà kan. Ẹ̀yáwó tí ó dúró fún yóò máa tọ́ka sí nọ́ńbà náà. A kò ní máa da orúkọ rẹ̀ kọ sí ibi mẹ́wàá. Bí a bá tún àdírẹ́sì rẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀kan, a ti tún un ṣe níbi gbogbo. Irú ìrònú yìí ni Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà lò nígbà tí ó gbé BVN jáde ní ọdún 2014: nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ènìyàn kan, iye báǹkì yòówù tí ó ti ń tọ́jú owó.

Èkejì ni fífi kúlẹ̀kúlẹ̀ pamọ́ kí kókó lè hàn. Ẹ wo aṣọ òfì tí a ń hun ní Ìsẹ́yìn. Ẹni tí ó wá ra ẹtù tàbí àlàárì yóò béèrè àwọ̀ rẹ̀, bí ó ti tóbi tó, àti iye tí wọ́n ń tà á. Kì í ka òwú, kì í sì í béèrè bí ahunṣọ ṣe to òwú náà. Kì í ṣe pé òwú kò ṣe pàtàkì, nítorí láìsí òwú kò sí aṣọ; iṣẹ́ ahunṣọ ni, kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tí ó ń rà á. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni odidi ẹ̀yáwó nínú àká. A lè bi í pé, “Èló ni ó kù?” yóò sì dáhùn. A lè wí fún un pé, “Gba ₦10,000, risíìtì rẹ̀ nìyí,” yóò sì gbà á. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ ní kọ̀rọ̀ láti yí iye padà. Ẹnu ọ̀nà tí a là sílẹ̀ nìkan ni a ń gbà wọlé.

KÍ NI FÈRÈSÉ?

Ní ọdún 1975, ìgbìmọ̀ kan lábẹ́ ANSI, àjọ tí ń ṣètò òṣùwọ̀n ní Amẹ́ríkà, dábàá pé kí àká àkọsílẹ̀ ní ipele mẹ́ta. Ìpele ìsàlẹ̀ ni bí kọ̀ǹpútà ṣe tọ́jú nǹkan gan-an. Ti àárín ni gbogbo ohun tí ó wà nínú àká àti bí wọ́n ṣe so mọ́ ara wọn. Ti òkè ni ohun tí olúkúlùkù ń rí gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ń pe ti òkè yìí ní view. Àwa yóò máa pè é ní fèrèsé.

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ àgbẹ̀ wa tí ó yá ₦100,000 pẹ̀lú èlé ₦10,000. Ó ti san ₦40,000, ó ku ₦70,000. Nínú ìwé tí a ń fi ọwọ́ kọ, akọ̀wé yóò kọ ₦70,000 sí lẹ́jà, yóò kọ ọ́ sí ìwé kékeré àgbẹ̀, yóò sì tún kọ ọ́ sí àkójọ àwọn ajẹgbèsè tí ó fẹ́ kà fún ìgbìmọ̀. Bí àgbẹ̀ bá san ₦10,000 sí i, ibi mẹ́ta ni a ní láti tún ṣe. Bí a bá gbàgbé ọ̀kan, ₦60,000 àti ₦70,000 yóò máa bá ara wọn jà.

Nínú àká tí a ń sọ yìí, a kò kọ ₦70,000 sí ibikíbi rárá. Ohun tí a kọ ni ẹ̀yáwó, èlé, àti owó sísan kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú risíìtì rẹ̀. Fèrèsé ni ó ń ṣírò ohun tí ó kù nígbà tí a bá wò ó. Bí ₦10,000 bá wọlé ní òwúrọ̀, gbogbo fèrèsé yóò fi ₦60,000 hàn ní òwúrọ̀ náà. Ìdáhùn ìbéèrè kejì nìyẹn: iye tí kọ̀ǹpútà sọ gbọ́dọ̀ ti inú risíìtì wá, ó sì gbọ́dọ̀ ṣeé tọ padà dé ìdí.

Ìbéèrè kìíní ńkọ́? Fèrèsé kò dọ́gba, nítorí iṣẹ́ kò dọ́gba.

Ọmọ ẹgbẹ́ yóò rí gbogbo ohun tí ó kan òun: owó ìfipamọ́ rẹ̀, ìpín rẹ̀, gbèsè rẹ̀, àti gbogbo ẹ̀yáwó tí ó dúró fún.

Onídùúró yóò rí iye tí ó kù lórí ẹ̀yáwó tí ó dúró fún, àti bóyá ẹni náà ń san án lásìkò. Kò ní rí owó ìfipamọ́ ẹni náà, nítorí kì í ṣe èyí ni ó dúró fún.

Ìgbìmọ̀ yóò rí àwọn tí ọjọ́ wọn ti kọjá tí wọn kò tíì san. A kì í kọ orúkọ wọn jọ sí ìwé kan lọ́tọ̀. Fèrèsé ni ó ń ṣà wọ́n jáde. Ẹni tí ó bá san lónìí yóò jáde kúrò níbẹ̀ lónìí, kò ní dúró de akọ̀wé kí ó tó wá pa orúkọ rẹ̀ rẹ́.

Ẹgbẹ́ àpapọ̀ yóò rí àròpọ̀: iye ọmọ ẹgbẹ́, àpapọ̀ owó ìfipamọ́, àpapọ̀ ẹ̀yáwó. Orúkọ ẹnikẹ́ni kò sí níbẹ̀.

Olùbẹ̀wò yóò rí gbogbo rẹ̀ títí dé orí risíìtì, ṣùgbọ́n ojú lásán ni yóò fi wò ó. Kò lè yí kọ́bọ̀ padà.

Ní ọdún 1991, Serge Abiteboul, ọmọ ilẹ̀ Faransé, àti Anthony Bonner kọ̀wé lórí bí irú fèrèsé báyìí ṣe lè ṣiṣẹ́ lórí àká olódidi. Wọ́n fi hàn pé fèrèsé lè fi apá kan pamọ́, ó lè ṣírò iye tí a kò kọ sílẹ̀, ó lè ṣa àwọn kan jáde láàárín ọ̀pọ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti rí i lókè yìí. Ó tún lè dá odidi tuntun tí kò sí nínú àká. Bí àpẹẹrẹ, kò sí agboolé kankan tí ó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa. Ènìyàn kọ̀ọ̀kan ni. Síbẹ̀, bí ìgbìmọ̀ bá fẹ́ mọ iye gbèsè tí ó wà lórí agboolé kan, fèrèsé lè kó àwọn ará agboolé náà jọ, kí ó fi wọ́n hàn bí ẹyọ kan.

FÈRÈSÉ KÌ Í ṢE ILẸ̀KÙN

Ibi tí ó yẹ kí a ti ṣọ́ra jù nìyí. Wíwò láti ojú fèrèsé rọrùn. Títún nǹkan ṣe láti ojú fèrèsé ni ó ṣòro, àwọn onímọ̀ sì ti mọ èyí tipẹ́.

Ká ní ẹgbẹ́ kan ní ọmọ ẹgbẹ́ 40, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi ₦60,000 pamọ́. Àròpọ̀ tí ẹgbẹ́ àpapọ̀ yóò rí ni ₦2,400,000. Ẹnì kan wá wí pé, “Iye yìí kò pé, ₦2,450,000 ni ó yẹ kí ó jẹ́,” ó sì fẹ́ tún un kọ lójú fèrèsé náà. Ẹ bi í pé: ₦50,000 tí ó lé yìí, orí ta ni a ó kọ ọ́ sí? Ọmọ ẹgbẹ́ 40 ni ó wà níbẹ̀. Ṣé orí ẹnì kan ni, àbí kí a pín in yí wọn ká? Àròpọ̀ kò lè dáhùn, nítorí kò sí ohun tí ó fi ìyẹn hàn nínú rẹ̀. Bí owó bá wọlé lóòótọ́, ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó yẹ kí ó gbà wọlé: orúkọ ẹnì kan, ọjọ́ kan, risíìtì kan. Lẹ́yìn náà, àròpọ̀ yóò tún ara rẹ̀ ṣe.

Nítorí náà, ètò kọ̀ǹpútà tí ó bá jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún àròpọ̀ tàbí iye tí ó kù kọ ní tààrà, ẹ sá fún un. Irú rẹ̀ ti sọ fèrèsé di ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé.

ÀRÒPỌ̀ TÍ Ó Ń TÚ ÀṢÍRÍ

Ẹ má ṣe rò pé níwọ̀n ìgbà tí orúkọ kò bá ti sí lójú fèrèsé, àṣírí ti bò. Bí ẹgbẹ́ àpapọ̀ bá béèrè àpapọ̀ ẹ̀yáwó àwọn obìnrin tí ń hun aṣọ nínú ẹgbẹ́ kan, tí ó sì jẹ́ pé obìnrin kan ṣoṣo ni ó ń hun aṣọ níbẹ̀, gbèsè obìnrin náà ni a gbé síta yẹn. Bákan náà, bí àròpọ̀ oṣù tí ó kọjá bá jẹ́ ₦2,400,000, tí ọmọ ẹgbẹ́ kan kúrò, tí ti oṣù yìí sì di ₦2,340,000 láìsí ìyípadà mìíràn, ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ ẹni tí ó kúrò ti mọ̀ pé ₦60,000 ni ó gbà lọ. Ètò tí ó dára kì í fi àròpọ̀ ẹni díẹ̀ hàn. Kí ìpàdé pinnu iye ènìyàn tí ó kéré jù tí a lè ro owó wọn pọ̀ fún ará òde.

Ọ̀rọ̀ òfin ni èyí pẹ̀lú. Òfin tí ń dáàbò bo ìsọfúnni nípa ènìyàn ní Nàìjíríà, tí a fọwọ́ sí ní ọdún 2023, wí pé ìdí tí a fi gba ìsọfúnni nípa ẹnì kan ni a gbọ́dọ̀ lò ó fún. Ó tún fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ láti rí ohun tí a kọ nípa rẹ̀, kí ó sì béèrè pé kí a tún èyí tí kò tọ̀nà ṣe. Ẹni tí ó fún ẹgbẹ́ ní nọ́ńbà tẹlifóònù rẹ̀ nítorí ẹ̀yáwó kò fún ẹgbẹ́ láṣẹ láti fi nọ́ńbà náà fún àwọn tí ń ta ọjà.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A BÉÈRÈ

Ẹ má ṣe jẹ́ kí orúkọ ńláńlá dẹ́rù bà yín. Àká olódidi kò borí ti alátẹ. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ tí ó gbé òṣùwọ̀n rẹ̀ jáde ní ọdún 1993 tú ká ní ọdún 2001. Ṣùgbọ́n èrò rẹ̀ kò kú. Láti ọdún 1999, òṣùwọ̀n SQL tí ó jẹ́ ti alátẹ ti gba púpọ̀ nínú rẹ̀ mọ́ra. Yálà àtẹ ni wọ́n bá gbé wá tàbí odidi, iṣẹ́ tí ó ń ṣe ni kí ẹ wò. Kí ìpàdé tó fọwọ́ sí i, ẹ béèrè ìbéèrè márùn-ún yìí:

1. Ṣé ibì kan ṣoṣo ni a ń kọ owó sísan kọ̀ọ̀kan sí, tàbí akọ̀wé yóò ṣì máa dà á kọ?

2. Bí mo bá rí iye kan, ṣé a lè tọ̀ ọ́ padà dé orí risíìtì, níṣojú mi?

3. Kí ni akọ̀wé ń rí, kí ni alága ń rí, kí ni onídùúró ń rí, kí ni ẹgbẹ́ àpapọ̀ ń rí? Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ní Yorùbá, kí a sì kà á ní ìpàdé.

4. Ta ni ó lè yí àkọsílẹ̀ padà? Bí a bá tún àṣìṣe ṣe, ṣé ti àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó tún un ṣe àti ọjọ́ tí ó ṣe é?

5. Ta ni ó lè la fèrèsé tuntun? Bí ẹni tí ó ta ètò náà fún wa bá lè là á láìsọ fún ìgbìmọ̀, a ti fi kọ́kọ́rọ́ ilé wa fún àlejò.

Ohun kan kù tí a kò gbọ́dọ̀ gbàgbé. Fèrèsé kò lè fi ohun tí a kò kó sínú àká hàn. Owó tí a san láìgba risíìtì, kọ̀ǹpútà kò mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, ẹ má ṣe jó ìwé kékeré yín níná. Ẹ máa mú un wá, ẹ máa gba risíìtì, kí ẹ sì máa fi í wé ohun tí kọ̀ǹpútà wí ní oṣooṣù. Ìwé kékeré ni ẹlẹ́rìí ọmọ ẹgbẹ́. Bí iná bá lọ, bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́, kò ní sọ ohun tí ó mọ̀ nù.

Láti ìgbà tí òfin ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ ti jáde ní Nàìjíríà ní ọdún 1935, ìwé tí ó mọ́ ni ó gbé ẹgbẹ́ ró. Kọ̀ǹpútà kò yí èyí padà. Iṣẹ́ tiwa ni láti rí i pé àkọsílẹ̀ wa jẹ́ ọ̀kan, pé fèrèsé olúkúlùkù bá ẹ̀tọ́ rẹ̀ mu, àti pé ìpàdé gbogbogbò ni ó ń pinnu ẹni tí ń wo kí ni. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ire o.